Àwọn Mẹ́rin Tó Ń Lọ Síbi Àríyá

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ni, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó dá mi lójú nítorí pé fóònù mi ni mò ń wò. Ilé iṣẹ́ kan ti sọ pé àwọn máa pè mí kó tó di aago mẹ́rin, mo sì ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láti aago kan, mò ń ṣọ́ fóònù bí ẹni tó ń ṣọ́ adìẹ tó fẹ́ yé. Fóònù kò dún. Ilẹ̀kùn ló ṣí. Àbúrò mi obìnrin wọlé, ó gbé téèpù tí wọ́n fi ń lẹ páálí dání.

"Sister mi, géèmù wa dà? Èyí tí àwọn mẹ́rin yẹn ń lọ síbi àríyá?"

"Èwo nínú wọn?" mo bi í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀.

"Èyí tí Daddy máa ń kà fún wa now. Mo fẹ́ gbé e lọ sí Seattle. Mi ò lè lọ láìmú obìnrin ẹnu ọ̀nà yẹn dání o."

Mo ní, "Má ṣèyọnu. Màá bá ẹ wá a rí."

Mo ti ṣèlérí kí n tó ronú. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀rù máa ń bà mí láti sọ pé rárá, lẹ́yìn náà ẹ̀rù á tún máa bà mí nítorí pé mo ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Àbúrò mi ti gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan lọ́hùn-ún, ní ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni yóò sì lọ. Kò tíì sùn kúrò nílé yìí ju ọ̀sẹ̀ kan lọ rí. Ọdún kan náà la jáde ní yunifásítì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún méjì ni mo fi jù ú lọ, torí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yí ohun tí mò ń kọ́ padà. Òun ti rí iṣẹ́. Èmi ṣì ń fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ káàkiri Atlanta. Mi ò jowú rẹ̀. Ó dáa, mo jowú díẹ̀. Mo tún ń bá a yọ̀, mo sì tún ń bẹ̀rù bí ilé yóò ṣe dákẹ́ tó bá lọ. Nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí máa ń wà nínú mi lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò sì kì í mọ èyí tó ń sọ̀rọ̀ nígbà tí mo bá lanu. Ohun kan ṣoṣo ló dá mi lójú. Bí mi ò bá tilẹ̀ ní nǹkan mìíràn láti fi sìn ín sọ́nà, mo gbọ́dọ̀ fún un ní géèmù yẹn.

Kí n ṣàlàyé géèmù náà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí a dé láti Ìbàdàn, àbúrò mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Redan, lẹ́bàá Atlanta, la dé sí, ilé tí a ṣì ń gbé títí di òní, láàárín àwọn ilé tó jọra débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni Daddy lọ ń ti kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Fíríìjì ni Daddy ń tún ṣe ní Ìbàdàn. Níbí, wọ́n rí iṣẹ́ sí warehouse kan ní McDonough, iṣẹ́ àárọ̀ kùtù. Mummy ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán títí di alẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Nítorí náà, Daddy ló máa ń wà pẹ̀lú wa bí a bá ti ilé ìwé dé. Ní ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n rí aládùúgbò kan tó ń ta ẹrù àlòkù níwájú gáréèjì rẹ̀, wọ́n sì ra ẹ̀rọ géèmù kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, pẹ̀lú díìsì márùn-ún nínú ọ̀rá kan. Wọ́n ní yóò jẹ́ kí English wa já geere.

Mẹ́rin nínú díìsì náà kò ṣiṣẹ́. Èyí tó ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ ti họ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. RPG ni wọ́n ń pe irú géèmù bẹ́ẹ̀. Èèyàn á gbé ìwà ẹlòmíràn wọ̀, á máa ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, á máa bá àwọn ará abúlé sọ̀rọ̀, á máa jà, á máa lágbára sí i díẹ̀díẹ̀, ìtàn á sì máa lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ ju ìjà lọ. Kíkọ ni wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sínú àpótí búlúù kan nísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, kò sẹ́ni tó ń fẹnu sọ ọ́. English tiwa kò ká a. Daddy máa ń jókòó lẹ́yìn wa lórí àga búráùn, wọ́n á máa kà á, wọ́n á sì máa sọ ọ́ fún wa ní Yorùbá.

Bí Daddy ṣe sọ ìtàn náà nìyí. Èèyàn mẹ́rin kan wà: obìnrin gíga kan tó ń fi ọ̀kọ̀ jà, baba arúgbó kan tó ní ajá, ọmọbìnrin kan tí iná máa ń jáde ní ọwọ́ rẹ̀, àti ọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ rárá. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń lọ síbi àríyá kan. Àríyá náà jìnnà, ó wà lẹ́yìn òkè àti lẹ́yìn òkun, gbogbo ẹranko ayé ló sì ń dínà fún wọn. Bí ẹni tuntun bá dara pọ̀ mọ́ wọn, Daddy á ní, "Òun náà ti dara pọ̀ mọ́ àríyá." Àbúrò mi á béèrè pé, "Ṣé wọ́n ti débẹ̀ ni?" Daddy á ní, "Wọn ò tíì dé. Orúkọ rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìwé." Bí ẹranko bá pa wá, Daddy á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní, "Ó mà ṣe o. Wọ́n ti ba àríyá jẹ́." Àwọn ibì kan wà tí ìmọ́lẹ̀ ti ń tàn nílẹ̀, tí ẹ̀rọ á béèrè, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ "save", bóyá a fẹ́ kí ó tọ́jú ibi tí a rìn dé. Daddy, tó jẹ́ díákónì, máa ń kà á pé, "Ṣé ẹ fẹ́ ìgbàlà?" Àwa méjèèjì á pariwo pé bẹ́ẹ̀ ni, àbúrò mi á sì ṣe Àmín.

Lẹ́bàá afárá kan, alágbẹ̀dẹ kan bẹ̀ wá pé kí a mú òun dání. Daddy kà á, wọ́n ní, "Àríyá yín ti kún." Àbúrò mi bú sẹ́kún. Ó ní kí ló dé tí wọn ò lè fi àga kan kún un? Fún ọjọ́ mẹ́ta, bí a bá ń jẹun, àbúrò mi á fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó ní ti alágbẹ̀dẹ ni.

Ní ìparí, àwọn mẹ́rin náà dé ẹnu ọ̀nà ńlá kan. Obìnrin ọlọ́kọ̀ dúró síbẹ̀, ó kọjú sí àwọn tó kù, ó sọ ọ̀rọ̀ kan. Daddy wo ojú àbúrò mi, wọ́n wá ní, "Ó ní, ẹ wọlé. Òun máa dúró lẹ́nu ọ̀nà láti gba àlejò." Àwọn mẹ́ta wọlé, ilẹ̀kùn tì, orin bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi dìde dúró, ó ní bí òun bá dàgbà, òun náà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun á máa ní kí àwọn èèyàn wọlé.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn tí a yá ìdílé kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní díìsì náà. Wọ́n kó lọ sí Texas, díìsì wa sì bá wọn lọ.

Ọjọ́rú ni mo bẹ̀rẹ̀ sí wá a. Mo kọ́kọ́ wá gbogbo RPG orí ẹ̀rọ eérú yẹn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mi ò rí èyí tí ìtàn rẹ̀ jẹ́ ti àríyá. Mo bi àbúrò mi, ó ní lójú tòun, ẹ̀rọ dúdú tí a rà lẹ́yìn náà la ti gbá a. Èmi wá ronú pé ó lè jẹ́ èyí tó ń lo katiríìjì, ike tí wọ́n ń ki bọ ẹ̀rọ dípò díìsì, tí ọmọ ẹ̀gbọ́n Mummy fún wa. Mo rántí àga búráùn, ṣùgbọ́n àga búráùn wà níbẹ̀ ní gbogbo ọdún yẹn. Bó ṣe di pé mo fa ìlà sínú ìwé nìyẹn, mo pín in sí mẹ́ta, mo sì ń kọ àkójọ RPG ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò.

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mo ń rí i pé wọn ò jọra rárá. Ti ẹ̀rọ katiríìjì kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ki. Àyè inú rẹ̀ kéré, nítorí náà ọ̀rọ̀ wọn kúrú: ọba á kú ní gbólóhùn kan, wọ́n á sin ín ní gbólóhùn kejì. Bátìrì kékeré kan nínú katiríìjì ló ń rántí ibi tí èèyàn dé. Mo ki tiwa bọ ẹ̀rọ, mo rí i pé bátìrì ti kú, gbogbo ìrìn àjò wa sì ti lọ. Inú mi bàjẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí ronú nípa ìdí tí inú mi fi bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn sì gba wákàtí kan lọ́wọ́ mi.

Ti ẹ̀rọ eérú ló pọ̀ jù. Géèmù kan lè gba díìsì mẹ́rin. Ó jọ pé kò sẹ́ni tó ní kí àwọn tó kọ ọ́ dákẹ́. Adìẹ abúlé nìkan ni kò ní ohun tó fẹ́ sọ. Ti ẹ̀rọ dúdú ló lẹ́wà jù, àwọn èèyàn inú rẹ̀ sì ń fi ẹnu ara wọn sọ̀rọ̀. Èyí mú mi rántí ohun kan tí mo ti gbàgbé. Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ dúdú, Daddy wá jókòó lẹ́yìn wa bí ìṣe wọn. Wọ́n la ẹnu, ṣùgbọ́n obìnrin inú tẹlifíṣọ̀n ti sọ ọ́ tán. Daddy ní, "Ẹ̀yin ti ní ẹni tó ń kà á fún yín." Wọ́n dìde, wọ́n lọ fọ abọ́. A ò wẹ̀yìn. Ojú tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nígbà tí ilẹ̀ fi ṣú, mo ti wo àkójọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán. Kò sí àríyá. Mo béèrè níbi tí àwọn tó fẹ́ràn géèmù àtijọ́ ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan ní ṣé kì í ṣe géèmù ọjọ́ ìbí àwọn ọmọdé ni mò ń sọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀rù pé bóyá àwa méjèèjì la jọ lá àlá kan náà.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo wa ọkọ̀ Mummy lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta géèmù àlòkù nínú plaza kan lójú ọ̀nà Lithonia. Ọkùnrin tó ni ín, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, ó sì ń jẹ ẹ̀pà sísè nínú ike.

Ó ní, "Ohun tí o rí ni kí o sọ fún mi. Má sọ ohun tí wọ́n sọ fún ẹ."

Mo sọ fún un nípa obìnrin ọlọ́kọ̀, nípa baba arúgbó, nípa àríyá. Ó dáwọ́ ẹ̀pà dúró.

"Ṣé ajá baba yẹn lágbára ju baba fúnra rẹ̀ lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

"Ó wà lórí pẹpẹ yẹn, ti ẹ̀rọ eérú. Ṣùgbọ́n kò sí àríyá kankan nínú rẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀, sà. Òun gan-an ni ìtàn náà."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti parí rẹ̀."

"Bóyá ẹ ò débẹ̀ ni."

Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé kò mọ ilé baba rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi díìsì náà sínú ẹ̀rọ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà, ó na páàdì sí mi. Ìrìn àjò tirẹ̀ wà nínú rẹ̀, kò sì jìnnà sí afárá. Mo rìn lọ bá alágbẹ̀dẹ. Mo tẹ bọ́tìnì. Àpótí búlúù ṣí, ọ̀rọ̀ mẹ́rin sì jáde: "Your party is full."

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan. Mo tún un kà. Ẹ̀rín gbé mi dé ibi tí mo ní láti di káńtà mú, lẹ́yìn náà ni omijé ń bọ́ lójú mi, mi ò sì mọ ìgbà tí ọ̀kan di èkejì. Ọkùnrin náà rọra ṣàlàyé pé nínú RPG, "party" ni àwọn tó jọ ń rìn, ẹgbẹ́ ẹni. Mo ní mo mọ̀. Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́! Mo ti gbá irú géèmù yìí lọ́pọ̀ ìgbà ní English láti ìgbà tí mo ti lè kà á fúnra mi, ọ̀rọ̀ yẹn kò sì rú mi lójú rí. Ṣùgbọ́n mi ò padà lọ yẹ ti ìgbà èwe wò. Ní Yorùbá ni mo fi ti ìgbà yẹn pamọ́ sí, inú yàrá mìíràn, English tí mo kọ́ lẹ́yìn náà kò sì wọ ibẹ̀ rí.

Mo bi í bí ó ṣe parí. Ó ní, "Obìnrin ọlọ́kọ̀ yẹn? Ẹnu ọ̀nà yẹn kò lè tì láìsí ẹni tó máa dì í mú láti ẹ̀yìn. Òun ló dúró. Ó ní kí àwọn tó kù máa lọ, kí wọ́n má wẹ̀yìn. Ó kú síbẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó kù pínyà létí òkun." Ó wo ojú mi. "Kí ni wọ́n sọ fún ẹ?"

"Wọ́n ní ó ń gba àlejò."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ike ẹ̀pà sọ́dọ̀ mi. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó tọ́ka sí ìwé mi, ó ní nínú àkójọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ni mo fún ní ipò kìíní? Mo ní ti eérú. Mo ní torí pé ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀, kò sì sí ohùn. Mi ò mọ̀ bóyá ó yé e. Mi ò mọ̀ bóyá ó yé èmi náà.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo mú díìsì tí mo rà dání lọ bá Daddy nínú gáréèjì. Wọ́n gbé báàgì àbúrò mi dání, wọ́n dúró lórí ìwọ̀n tí a máa ń gùn ní balùwẹ̀. Wọ́n máa ń pè mí ní Màámi, torí wọ́n ní mo jọ ìyá àwọn.

"Màámi, bá mi wo nọ́ńbà ìsàlẹ̀ yìí. Ikùn mi ò jẹ́ kí n rí i."

Mo wò ó fún wọn. Mo wá ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni party?"

"Èwo? Ti òṣèlú àbí ti ijó?"

"Ti inú géèmù."

Wọ́n rọra sọ báàgì kalẹ̀. Wọ́n wo díìsì tó wà lọ́wọ́ mi. "O rí i."

"Mo rí i, sà."

"Ta ló tú mi fó?"

"Alágbẹ̀dẹ ni."

"Alágbẹ̀dẹ yẹn!" Wọ́n jókòó lórí báàgì. "Ṣé o rántí bí àbúrò ẹ ṣe fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àga pa mí? Gbọ́, party méjì ni mo mọ̀ nígbà tí a dé. Ti òṣèlú àti ti àríyá. Mo wo àwọn mẹ́rin yẹn títí, kò sí èyí tó jọ olóṣèlú nínú wọn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn."

Mo rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ìgbà wo lẹ wá mọ̀?"

"A ò tíì gbá a dé ìdajì. Èmi àti àwọn mẹ́ta níbi iṣẹ́ lọ jẹun nílé oúnjẹ kan ní McDonough. Ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà ní, mélòó ló wà nínú party yín? Mo ní, no party, my dear, we only want to eat. Àwọn ìkà yẹn ń pè mí ní Mister No Party títí ọdún fi parí."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Mo fẹ́ sọ. Mo ti tò ó sẹ́nu bọ̀ láti ojú ọ̀nà. Mo ṣílẹ̀kùn, mo bá àbúrò ẹ níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ti wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó ní bóyá wọ́n á débẹ̀ lónìí, kí òun ti múra sílẹ̀. Ìwọ sọ fún mi, ṣé kí n wá ní kò sí àríyá?"

Mo ní, "Ti ẹnu ọ̀nà ńkọ́?"

Wọ́n ń ti síìpù báàgì síwá sẹ́yìn. "Ìyẹn, mi ò ṣì í kà. Kò sí English líle níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àbúrò ẹ ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé láràárọ̀, tíṣà ló máa ń já ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára aṣọ Mummy yín. Mo wá wo ojú rẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n yẹn. Mo ní kí ẹnì kan tó mọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà fún un." Wọ́n nu ojú. "Irọ́ kan ṣoṣo tí mo pa fún yín nílẹ̀ yìí nìyẹn."

"Daddy. Fíríìjì tí ẹ ní ó jẹ áísìkiriìmù wa ńkọ́?"

"Ó dáa. Méjì."

Mo bi wọ́n bóyá kí n fún àbúrò mi ní díìsì náà. Wọ́n ní má fún un. Wọ́n tún gun ìwọ̀n, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní fún un, ó ti dàgbà, òkú èèyàn gidi ni yóò máa rí níbi iṣẹ́. Kí n tó dé ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n kó má dá nìkan wò ó o. Seattle jìn." Wọ́n wá ní kí n bi Mummy. Mo bi Mummy. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ jọ lọ síbi àríyá. Ẹ ò pè mí."

Ní àná, ọjọ́ Sátidé, àbúrò mi ní kí n wá bá òun ká aṣọ. Páálí mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Ó ti lẹ méjì pa. Ó kọ GEEMU sára ẹ̀kẹta, láìsí àmì ohùn, òfo sì ni inú rẹ̀.

"Ṣé o ti rí i?"

"Mo ṣì ń wá a," mo ní. Díìsì náà wà nínú fáìlì ìwé ìwáṣẹ́ mi nígbà yẹn, ibì kan ṣoṣo nínú ilé tí kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn yàtọ̀ sí èmi.

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. "Mi ò sọ fún ẹ rí. Níbi interview, wọ́n ní kí ló dé tí mo fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì emergency. Mo sọ ti obìnrin yẹn fún wọn. That she got all the way there, kò sì wọlé jẹun, ó dúró kó lè máa sọ fún àwọn èèyàn pé ẹ wọlé. Ọ̀kan nínú wọn nu ojú o." Ó ń ká aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀kejì. "Mo fẹ́ gbá a parí lálẹ́ àkọ́kọ́ tí mo bá débẹ̀. Kí n kàn gbọ́ ọ."

"Kò ní ohùn, o mọ̀. Ọ̀rọ̀ kíkọ ni."

"Mo mọ̀ now. Ohùn Daddy ni mo máa ń gbọ́."

Ó wò mí nígbà tó sọ ọ́, mi ò sì mọ irú ìwò tó jẹ́. Láti àná ni mo ti ń rò ó lọ́kàn. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, English rẹ̀ dára ju tèmi lọ, òun náà sì mọ ohun tí party jẹ́ nínú géèmù. Ó ṣeé ṣe kó ti mọ̀ tipẹ́, kó jẹ́ pé òun ló ń pa àṣírí mọ́ fún Daddy. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé tirẹ̀ náà wà nínú yàrá tí kò ṣí rí, bíi tèmi. Bí mo bá bi í, mo ti sọ fún un nìyẹn.

Bí mo bá fún un láìsọ nǹkan kan, òun nìkan ni yóò wà nínú yàrá kan ní Seattle, lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó jẹ́ pé èèyàn lè kú lójú rẹ̀, tí yóò wá kà á fúnra rẹ̀ pé obìnrin ẹnu ọ̀nà kò gba àlejò kankan. Bí mi ò bá fún un, mo ti parọ́ fún un, èmi tí mi ò ní nǹkan mìíràn láti fún un. Bí mo bá sọ fún un ṣáájú, ó lè máa rò pé irọ́ lòun fi rí iṣẹ́ gbà, ó sì lè máa fi ojú mìíràn wo Daddy ní papakọ̀ òfurufú, ọjọ́ tó yẹ kí Daddy sunkún ní àlàáfíà. Ohun tó tún ń dà mí láàmú ni pé mi ò mọ̀ bóyá irọ́ ni. Obìnrin yẹn dúró lẹ́nu ọ̀nà lóòótọ́. Ó dúró nítorí àwọn ẹlòmíràn lóòótọ́. Àríyá nìkan ni kò sí.

Ọ̀nà kan ṣì wà tí mo ronú kàn, ó sì lè jẹ́ ìwà òmùgọ̀: kí a tan ẹ̀rọ náà níbí kó tó lọ, kí àwa méjèèjì jókòó sílẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, kí Daddy jókòó sórí àga búráùn lẹ́yìn wa, kí wọ́n sì ka ẹnu ọ̀nà yẹn bó bá ṣe wù wọ́n, nígbà tí gbogbo wa lè rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀bùn nìyẹn àbí ìkà. Mi ò tíì sọ ọ́ fún Daddy.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó lé díẹ̀ tí yóò fi lọ. Páálí kẹta ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, pàápàá ẹ̀yin tí àwọn òbí yín ti túmọ̀ ayé fún yín rí, tí ẹ wá padà rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ gan-an, ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n fi díìsì náà sínú páálí kí n lẹ̀ ẹ́ pa, ṣé kí n kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀, àbí kí n lọ bẹ Daddy pé kí wọ́n wá jókòó?